Àtè ní Òpópó Capstan

Edna Tickner ní òun kò dìde. Sájẹ́ǹtì Qureshi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì rẹ̀ títí, ó ti ṣí fìlà, ó ti tún un dé, ìyá àgbà náà sì ń rọ tíì sínú ife rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ọlọ́pàá kankan nínú ilé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Àgọ́ wa ò jìnnà. Ọ̀rọ̀ lásán la fẹ́ bi yín."

"Bi mí níbí. Ṣé etí mi wà ní àgọ́ yín ni?"

"Ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn yín, Màmá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

"Kí ẹ̀sùn náà wá jókòó. Àga pọ̀."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Roz Pelling fi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láìkànkùn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará Òpópó Capstan ṣe máa ń wọ ilé ara wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé tirẹ̀ àti ti Edna láàárín. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun ni ọ̀gá àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní ìlú Wickersea, òun ló sì kọ́ Qureshi níṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọkùnrin náà fi tún ṣí fìlà nígbà tó rí i.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáámù."

"Káàárọ̀, Imran. Kí ni Àǹtí Edna jí?"

"Wọn ò jí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ àwọn àpótí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni."

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa àpótí kọ́kọ́rọ́? Capstan wà ní àárín ìlú, òkun ló kángun sí, ilé tí ènìyàn sì ń gbé gan-an níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Àlejò ìsinmi ni wọ́n ń fi àwọn ilé yòókù gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n kan àpótí irin kékeré mọ́, tí àlejò á tẹ nọ́ńbà sí kí ó tó rí kọ́kọ́rọ́ yọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹnì kan fi àtè dí gbogbo wọn pátá. Àwọn àlejò dé, wọn ò ríbi wọlé. Bàbá arúgbó kan nínú wọn ní kí òun gba ojú fèrèsé wọlé, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ìyẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tí à bá fi rẹ́rìn-ín di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Qureshi gbé túùbù àtè kan lé orí tábìlì. "Inú báàgì onítáyà tí Màmá fi ń lọ sọ́jà la ti bá a."

"Bàtà mi ni mo fi ń lẹ̀," ni Edna wí. "Àbí kí n máa rìn láìwọ bàtà nítorí àpótí àwọn kan?"

"Ẹnì kan sì rí yín."

"Ta ni?"

Sájẹ́ǹtì náà wo ilẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Prowse."

Edna rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Julian Prowse ni onílé rẹ̀, òun náà ló sì ni ilé igun tó wà nísàlẹ̀ òpópó. Láti ọjọ́ tó ti ra ilé tí Edna ń gbé ló ti ń wá bí ìyá náà yóò ṣe kó jáde kí òun lè sọ ọ́ di ilé àlejò. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ìwé ayálégbé àtijọ́ ni Edna ní, irú èyí tí òfin kò jẹ́ kí onílé fọwọ́ kàn, àfi bí ilé ẹjọ́ bá dá ayálégbé lẹ́bi pé ó ń da àdúgbò láàmú. Inú ilé yẹn ni Edna ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, yàrá òkè ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Bí ẹ̀sùn yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹrù rẹ̀ yóò wà níta kí ìgbà òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní kíṣìnì náà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó là á sọ.

"Kí ló ní òun rí gan-an?" ni Roz béèrè.

"Ó ní òun wá lo òpin ọ̀sẹ̀ ní ilé igun. Lárọ̀ Sọ́ńdè, ó dúró lójú fèrèsé òkè, ó ń mu kọfí, ó ń wo òpópó. Ó rí Màmá nínú kóòtù òjò pupa wọn, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń fún nǹkan sínú àwọn àpótí. Ó ní òun rí ojú wọn kedere."

"Kedere, kẹ̀," ni Edna wí. "Ọjọ́ tí mo lọ bá a nítorí òrùlé tó ń jò, kò rí mi kedere."

"Níbo lẹ wà lárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí?"

"Níbo ni ǹ bá tún wà? Níbí. Orúnkún mi ò jẹ́ n lè lọ sétí òkun."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìjì ńlá kan ti jà láti ọjọ́ Ẹtì di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ìjì bá sì ti rọlẹ̀ ní Capstan, àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tó kàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, tọmọdé tàgbà á gbé korobá síta, wọ́n á fi omi fọ iyọ̀ kúrò lójú fèrèsé àti lára ilẹ̀kùn. Ti àwọn ilé àlejò, ẹni tí àánú bá ṣe ló ń fọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, wọ́n á gbé ṣọ́bìrì lọ sí etí òkun láti kó òkúta tí omi ti dà sójú títì. Ìjọba kọ́ ló pa á láṣẹ, bàbá ẹnikẹ́ni kò sì rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Edna fọ fèrèsé tirẹ̀, ó fọ ti Doreen, aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ọsibítù, orúnkún rẹ̀ sì wú gan-an. Nígbà tí gbogbo òpópó ṣófo ní ọjọ́ Ìsinmi, òun àti ológbò rẹ̀ nìkan ló wà nílé, ológbò kò sì lè jẹ́rìí.

"Prowse ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí láti wá buwọ́ lu ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni Qureshi wí. "Orí fóònù ni mo ti gbà á sílẹ̀. London ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀."

"Fi Àǹtí Edna sílẹ̀ fún mi títí á fi dé."

"Màdáámù, ọ̀gá mi á bínú."

"Kó máa bínú. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Àwọn àpótí náà dà?"

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Edna pè wọ́n padà. "Imran, gbọ́. Ká ní èmi ni mo ṣe é, ǹ bá ti pe oníròyìn kó wá ya mí ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

*

Ẹ̀yìn ọkọ̀ Qureshi ni àwọn àpótí náà wà, nínú àpò ọ̀rá. Ọkùnrin tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ti fi ayùn gé wọn, ó sì ti lẹ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lára. Roz fi èékánná ha àtè inú wọn. Ó le bí òkúta, ó sì ń dán bíi gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó fún díẹ̀ jáde nínú túùbù Edna sí orí òkúta kan. Ìyẹn pọ́n, ó ń fà bíi rọ́bà.

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà," ni Qureshi gbà. "Ṣùgbọ́n Màmá lè ní òmíràn."

"Wọ́n lè ní in."

Ó ń gbé àwọn àpótí náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó kọ́kọ́ mú, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, àtè ti rì í mọ́lẹ̀. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ń wò wọ́n lọ títí ó fi kan ti ilé igun. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sínú àpò. Qureshi mọ irú ìwò yẹn láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì bi í léèrè.

"Ta ló ń lo àtè tó ń le báyìí ládùúgbò?" ni Roz béèrè.

"Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Màdáámù, èmi náà ti rò ó. Len Orchard ti búra ní ilé ọtí pé òun á ju gbogbo àpótí wọ̀nyẹn sínú òkun. Wọ́n sì ní ó pòórá lẹ́nu iṣẹ́ lárọ̀ Sọ́ńdè."

Roz náà ti rí i tó pòórá. Àwọn méjèèjì ló jọ ń kó òkúta nígbà tí Len fi ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Len wà létí òkun, ó jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Len," ni Roz wí, "lárọ̀ Sọ́ńdè, ibo lo gbà lọ?"

"Mo lọ tọ̀."

"Ìtọ̀ yẹn mà pẹ́ o."

"Àgbà ti dé, Roz. Ìwọ náà ò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé Edna jáde nílé. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ìwọ, sọ ibi tí o wà."

Len wo àwọn ẹyẹ òkun tó ń jà sí ìrù ẹja. Ó wo Qureshi. Ó wo àwọ̀n. "Ọ̀dọ̀ Maureen ni mo wà."

"Maureen wo?"

"Maureen mélòó ló wà?"

Maureen ni ìyàwó tó kọ Len sílẹ̀, tó da aṣọ rẹ̀ gba ojú fèrèsé sójú títì, gbogbo òpópó sì rí i. Len náà ti búra pé bí iná bá ń jó obìnrin náà, òun ò ní í bu omi sí i.

"Ó din ẹyin fún mi," ni Len wí. "Bí ẹ bá sọ ọ́ ní ilé ọtí, màá sẹ́."

"Ṣé á jẹ́rìí sí i?"

"Á jẹ́rìí kẹ̀. Òun ló ń fẹ́ kí ayé gbọ́." Ó na ọwọ́ sí ara ọkọ̀ rẹ̀, níbi tó ti lẹ̀ ẹ́. "Àtè tiwa rèé. Wò ó bó ṣe pọ́n. Ṣé irú èyí tẹ́ ẹ rí nìyí?"

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Qureshi pa ìwé rẹ̀ dé, inú rẹ̀ kò dùn. "Ó wá ku Màmá nìkan, Màdáámù."

 Roz ti kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń wo òkè. Oòrùn ọ̀sán wà lára Capstan, fèrèsé àwọn ilé ibẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, àfi ọ̀kan. Ó wò ó pẹ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, irú ìbínú tútù tó máa ń mú kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Len," ni ó wí jẹ́jẹ́, "mo fẹ́ kí o bá mi wọ aṣọ kan."

*

Prowse dé nínú bàtà funfun, ó sì bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láti inú àpò rẹ̀, ó ṣí ilé igun. Roz rí rọ́bà búlúù tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára: Ẹ káàbọ̀, àlejò wa.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra," ni Prowse wí. "Bí ìyá ni Màmá Edna jẹ́ fún mi. Àmọ́ òtítọ́ ni òtítọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Roz wí. "Ṣé àlejò wà nílé yìí lọ́jọ́ náà?"

"Rárá o. Ìjì ló lé wọn. Èmi nìkan ni mo sùn síbí."

"Àwọn tó ń wá tún ilé ṣe ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó wá. Kò sì sẹ́ni tó lè wọlé, Màdáámù, wọ́n dí tèmi náà. Kọ́kọ́rọ́ àlejò mi ti bá a lọ nínú àpótí yẹn."

"Pẹ̀lẹ́ o. Jọ̀wọ́, fi ibi tí o dúró sí hàn wá."

Wọ́n gun òkè. Òórùn ilé tí a ti tì pa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kún yàrá náà. Kọ́tìnì ti bo fèrèsé dé ìsàlẹ̀.

"Ibí gan-an," ni Prowse wí. "Mo gbé ife kọfí mi dání."

"Ṣí kọ́tìnì náà bí o ṣe ṣí i lọ́jọ́ náà."

Ó fa okùn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n òde kò wọlé. Fèrèsé náà funfun láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ògì kùn ún. Òkun kò hàn, ilé tó dojú kọ ọ́ kò hàn. Ojú Prowse yí padà díẹ̀, ó sì tètè tún un ṣe.

"Ó dọ̀tí díẹ̀," ni ó wí, "àmọ́ mò ń rí òde."

"O ń rí òde?"

"Mò ń rí i dáadáa."

"Ó dára. Ẹnì kan dúró lójú títì nísàlẹ̀ báyìí. Ta ni?"

Prowse sún mọ́ ọn, ó fi imú kan gíláàsì. Nínú funfun náà, nǹkan pupa kan rú bí ẹ̀jẹ̀ inú omi. Ó mí sínú. Qureshi sọ lẹ́yìn náà pé òun rí i tí ara ọkùnrin náà rọ̀, bí ẹni tí wọ́n na okùn sí nínú odò.

"Màmá Edna ni," ni Prowse wí. "Kóòtù wọn nìyẹn."

"O rí ojú wọn?"

"Kedere."

"Imran, ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, Roz sì ṣí ilẹ̀kùn. Len Orchard dúró sí àárín títì nínú kóòtù òjò pupa Edna, apá kóòtù náà kò kọjá ìgúnpá rẹ̀, bọ́tìnnì kankan kò sì dé, irùngbọ̀n rẹ̀ wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni Len wí fún Prowse, ó fi ohùn ìyá àgbà sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Prowse na ìka sí fèrèsé òkè. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó mọ́. Ó dọ̀tí lẹ́yìn náà ni."

"Kí ló mú un dọ̀tí?" ni Roz béèrè. "Ìjì ló ń gbé iyọ̀ wá, ìjì sì ti rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Láti ìgbà náà, orí ilẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wá. Wo ilé tó kángun sí tìrẹ, Sátidé ni wọ́n fọ fèrèsé ẹ̀, ó ṣì ń dán. Gbogbo wa la fọ tiwa. Ká ní o sùn síbí lóòótọ́, o ò bá ti bá wa níta pẹ̀lú korobá, tàbí kí ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn láti bá ọ jà pé o ò jáde. O ò gun òkè yẹn lọ́jọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Prowse. Ìsàlẹ̀ lo ti ṣe ohun tí o wá ṣe, o sì bá tìrẹ lọ."

"Kí ni mo wá ṣe? Wọ́n dí àpótí tèmi náà!"

"Imran, fi àpótí rẹ̀ hàn án."

Qureshi gbé e jáde nínú àpò ọ̀rá. Ó yọjú wo inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Roz ti ṣe, ó sì yí i sí ìmọ́lẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ wà nínú gbogbo àwọn yòókù. Kò sí nínú èyí."

"O sọ fún wa pé kọ́kọ́rọ́ àlejò rẹ ti bá a lọ," ni Roz wí. "Àlejò kò wá, atúnléṣe kò wá. Kí ló wá wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, pẹ̀lú rọ́bà búlúù?"

Prowse wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà á, ó dà bí ẹni tí ojú ń tì pé nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ló mú òun. Ẹni tó fẹ́ fi àtè ba àpótí ogún ènìyàn jẹ́ kò lè fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tirẹ̀ ṣòfò. Ó ti yọ ọ́ kí ó tó fún àtè síbẹ̀.

"Nítorí ìyá arúgbó kan," ni Qureshi wí, ohùn rẹ̀ le. "Bàbá kan wà ní ọsibítù tó fi ọwọ́ kọ́rùn. Bọ́ síwájú, sà."

*

Ọ̀nà kan náà ló lọ sí ibi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá wà, iwájú ilé Edna ló sì gbà kọjá. Ìyá náà ti gbé àga kíṣìnì síta. Ó fi í dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ wú sórí àpótí kan, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará òpópó ti jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Prowse dúró nígbà tó dé iwájú àga náà. Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti borí. Ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní í sí ẹyọ kan nínú yín ní òpópó yìí."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Edna wí. "Ọjọ́ náà kọ́ nìyí."

"Ẹ sún àga yín kí n kọjá."

Edna mu tíì díẹ̀. Ó wo Roz, ó wo Len tó ṣì wọ kóòtù pupa náà, ó wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi í pa mọ́.

"Mo sọ fún Imran láàárọ̀ pé mi ò dìde," ni ó wí. "Gba ojú títì."

Qureshi ṣí fìlà fún un. Lẹ́yìn náà ó di Prowse mú ní apá, wọ́n sì bọ́ sójú títì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àga náà kọjá.